Mítà lẹ pààrọ̀, ẹ ò pààrọ̀ ọjọ́ orí mọ́tò

1/ Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa lónìí. Tí mítà mọ́tò yín bá bàjẹ́, tí ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀, nọ́ńbà ìrìn tó wà lórí èyí tó kú gbọ́dọ̀ bá yín dé orí tuntun. Kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Tí kò bá ṣeé gbé wá, ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín á ti rí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, àlàyé ló kù. Thread gígùn ni o, ẹ fìdí kalẹ̀.

2/ Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè pé kí ló kan ọmọbìnrin tó ń ṣe fídíò nínú ọ̀rọ̀ mítà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣàlàyé ohun tí à ń fowó wa rà. Mo ti ṣe ti jẹnẹrétọ̀, mo ti ṣe ti fíríìjì tòkunbọ̀. Látìgbà tí mo ti ṣe ti ọkọ̀, ìbéèrè kan ò yé wọ inbox mi: "Sister, mítà mi ti kú. Rìwáyà ní òun lè bá mi fi nọ́ńbà tó bá wù mí sí tuntun. Ṣé ó burú?" Ó burú.

3/ Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Mítà ni gbogbo ojú tó wà níwájú awakọ̀ yẹn: bí ẹ ṣe ń sáré sí, bí epo ṣe kù sí, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí, pẹ̀lú àwọn iná pupa tó máa ń já àyà èèyàn. Inú ẹ̀ náà ni nọ́ńbà kan wà tó ń ka gbogbo ìrìn tí ọkọ̀ náà ti rìn látọjọ́ tó ti jáde níléeṣẹ́. Ọjọ́ orí ọkọ̀ nìyẹn. Ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan ò tó. Ọkọ̀ 2010 kan lè ti rin 60,000 máílì, èkejì ẹ̀ lè ti rin 210,000.

4/ Ẹni tó lọ ṣe eyín tuntun, ṣé ọjọ́ orí ẹ̀ yí padà ni? Ìyá àgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, tó wá ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ṣé ó ti di ọmọ ogún ọdún nìyẹn? Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ mítà. Gíà ò mọ̀. Bẹ́líìtì ò mọ̀. Àwa èèyàn nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń bá sọ̀rọ̀, àwa nìkan náà ló lè tàn jẹ.

5/ Mítà máa ń bàjẹ́ lóòótọ́ o. Ọwọ́ tó ń tọ́ka á kú sójú kan, iná ẹ̀yìn ẹ̀ á kú, nọ́ńbà á pòórá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gba Ládìpọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ fíúùsì wò, kí wọ́n yẹ wáyà tó lọ sílẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ojú epo nìkan ni kò ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé nǹkan tó ń léfòó nínú táǹkì ló há. Ọ̀pọ̀ mítà ni wọ́n ti tú dànù tí ara wọn le kokooko.

6/ Tó bá wá jẹ́ mítà gan-an ló ṣàìsàn, àtúnṣe ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀nà tó dáa jù láti dáàbò bo nọ́ńbà yín ni kẹ́ ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan rárá. Àpẹẹrẹ kan rèé: àwọn ọkọ̀ ńlá GM, bíi Tahoe àti Silverado tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi 2003 sí 2006, lókìkí fún mítà tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń ya wèrè. Mọ́tò tíntìntín tó ń yí àwọn ọwọ́ yẹn ló máa ń kú. Ẹni tó mọ sọ́dà dáadáa á yọ wọn, á fi tuntun sí i, nọ́ńbà ò ní kúrò níbi tó wà.

7/ Ibo ni nọ́ńbà ọ̀hún tiẹ̀ ń gbé? Nínú Volkswagen Ìjàpá ayé ọjọ́un, okùn irin kan tó wá láti táyà iwájú ló ń yí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Nọ́ńbà márùn-ún péré ni. Tó bá dé 99,999, á tún padà sí òdo fúnra ẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń wo mọ́tò, wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé mítà.

8/ Ti òde òní yàtọ̀. Inú ṣíìpù kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù mítà ni nọ́ńbà wà. Kódà tí wọ́n bá yọ bátìrì ọkọ̀ fún ọdún kan, kò ní gbàgbé. Ohun tó dáa nínú ìyẹn ni pé mítà tí ojú ẹ̀ ti kú pátápátá ṣì lè ní nọ́ńbà yín lódindi nínú. Tí rìwáyà bá sọ fún yín pé "mítà ti kú, nọ́ńbà ti bá a lọ", ẹ ní kó fara balẹ̀ ná. Ojú ló fọ́, ọpọlọ lè ṣì wà níbẹ̀.

9/ Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbà gbé nọ́ńbà wá. Àkọ́kọ́, kí wọ́n yọ ṣíìpù lára mítà àtijọ́, kí wọ́n sì sọ́dà ẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Ìkejì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka ohun tó wà nínú ṣíìpù àtijọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ti tuntun. Ìkẹta, kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fi nọ́ńbà yín sínú mítà tuntun tí ẹ rà lọ́wọ́ wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ́, tí nọ́ńbà tó jáde bá ti bá èyí tó wọlé mu.

10/ Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tó bá jẹ́ pé ààbò kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà nínú mítà. Volkswagen Golf 4 àti Passat ìgbà yẹn wà lára wọn. Ẹ lọ ra mítà níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú, ẹ gbé e sí i, ó mu ojú ihò ẹ̀ rẹ́gí, ẹ wá ṣíná: mọ́tò kọ̀, kò gbà láti ṣiṣẹ́. Kò mọ kọ́kọ́rọ́ yín mọ́. Rìwáyà tí kò bá béèrè ìbéèrè yìí kó tó tú nǹkan, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́.

11/ Ibi tí olóòótọ́ pàápàá ti ń ṣubú ni èyí tó ń bọ̀ yìí. Máílì ni ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ń kà. Kìlómítà ni ti ọ̀pọ̀ tó wá láti Yúróòpù. Máílì kan ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ: 1.609 ni. Ká ní ọkọ̀ yín ti rin 120,000 máílì, mítà kìlómítà lẹ wá rí rà. 193,121 ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀. Tí rìwáyà bá kọ 120,000 bó ṣe wà, 74,565 máílì ló kọ yẹn. Ó ti gé máílì tó lé ní 45,000 dànù láìmọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín jáde níṣojú ẹ̀.

12/ Ẹ máa rántí pé mítà tí ẹ rà lọ́jà náà ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ló rìn ín. Tó bá kéré ju tiyín lọ, ọkọ̀ yín ti di ọmọdé lórí irọ́. Tó bá pọ̀ jù, ẹ ti fọwọ́ ara yín sọ ọkọ̀ yín di arúgbó. Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ rin 90,000, tó wá gbé mítà 230,000 wọ̀ ọ́, kò ní rẹ́ni gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á. Ẹ wá rí i pé òótọ́ ń gbe ẹni tó ń tà náà.

13/ Mo gbọ́ yín o: "Ṣebí nọ́ńbà lásán ni." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nọ́ńbà lásán ṣe ní ilé wa. Àǹtí mi kan ra Sienna 2004 láti fi máa kó àwọn ọmọ iléèwé. Mítà ń ka 71,000 máílì. Sienna ìgbà yẹn, bẹ́líìtì táímìn ló ní, kì í ṣe ṣéènì bíi ti 2007 lọ sókè. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn tó bá di 90,000. Àǹtí mi ṣírò ẹ̀, ó ní àyè ṣì wà.

14/ Oṣù kẹrin, bẹ́líìtì já. Ọmọ mẹ́fà wà nínú ọkọ̀. Ọlọ́run ló ní ká jọ wà láyé, ojú ọ̀nà àdúgbò ni, wọn ò sáré. Ká ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ni ńkọ́, tí tírélà wà lẹ́yìn wọn, tí ọkọ̀ wá kú lójijì? Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí ìwé pélébé kan lábẹ́ ẹ̀, èyí tí àwọn tó ń yí ọ́ílì ní Amẹ́ríkà máa ń lẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 148,000.

15/ A pe ẹni tó tà á. Ẹ gbọ́ èsì ẹ̀: "Mítà tó wà níbẹ̀ ló bàjẹ́, a wá fi òmíràn sí i. A ò dín nǹkan kan kù." Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ló sọ! Kò fi ẹ̀rọ dín nọ́ńbà kù. Mítà ló pààrọ̀, ó sì pa ẹnu mọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ thread yìí nìyẹn. Gbogbo wa mọ̀ pé kí wọ́n yí nọ́ńbà padà sẹ́yìn ò dáa. Pípààrọ̀ mítà láì sọ̀rọ̀ là ń pè ní àtúnṣe. Bẹ́líìtì ọkọ̀ àǹtí mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

16/ Ibi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ti ń wá, òfin ti sọ̀rọ̀ sí i tipẹ́tipẹ́. Látọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin àpapọ̀ lórí nọ́ńbà ìrìn ọkọ̀, wọ́n sì tún mú un le sí i ní 1986. Ó gbà kéèyàn tún mítà ṣe tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀, tí nọ́ńbà bá ti wà bó ṣe wà. Tí kò bá ṣeé ṣe, òdo ni kí wọ́n gbé mítà tuntun sí, kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ férémù ilẹ̀kùn apá òsì, kí wọ́n kọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ya ìwé yẹn láti fi tan èèyàn jẹ ti rú òfin. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin yìí lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́ta.

17/ Ẹ dúró níbí yìí díẹ̀. Apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí ní Amẹ́ríkà, bíi tiwa níbí. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo férémù ẹ̀ dáadáa. Tí ìwé kékeré kan bá wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ odometer, ẹ kà á. Tí ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti ya nǹkan kan kúrò, ẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́jú kan ni, kò gba kọ́bọ̀.

18/ Mi ò sọ pé Amẹ́ríkà mọ́ o. Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó wọn, NHTSA, fojú bù ú pé ó lé ní 450,000 ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú nọ́ńbà irọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló ní kí díẹ̀ má bá ọkọ̀ ojú omi dé Tin Can? Irọ́ lè ti wà lórí ọkọ̀ kó tó fẹsẹ̀ kan Èkó. Ká má wá fi tiwa lé e.

19/ Àwọn mìíràn ti wá ọgbọ́n sí i. Ní Ìlú Ọba, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá lọ ṣe àyẹ̀wò MOT ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà ìrìn ẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní nọ́ńbà ara ọkọ̀ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ẹ̀yin ará wa ní Peckham, ẹ mọ̀ ọ́n. Ní Belgium, látọdún 2006 ni ẹni tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ti gbọ́dọ̀ fún olùrà ní ìwé Car-Pass, tó to gbogbo nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Jámánì ti sọ ọ́ di ẹ̀sùn ọ̀daràn láti 2005. Ohun kan náà ni gbogbo wọn gbẹ́kẹ̀ lé: ìwé. Tí nọ́ńbà bá wà nínú ìwé tó pọ̀, mítà kan ò lè dá parọ́.

20/ Ní ilé ńkọ́? A ní òfin ààbò oníbàárà, FCCPA 2018, tó kọ̀ fún oníṣòwò láti fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà ta ọjà. Tí ẹnìkan bá fi "71,000" ta ọkọ̀ fún yín, tó sì mọ̀ pé mítà ọkọ̀ mìíràn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn? Àmọ́ ẹjọ́ nílò ẹ̀rí, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò sì gba ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ̀ ọ́n" ni ìwé wa.

21/ Mo ti bá àwọn rìwáyà sọ̀rọ̀ lórí èyí, mi ò sì ní di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwa oníbàárà la ń bẹ̀ wọ́n. "Bọ̀dá, ẹ bá mi gbé e sí 80." A fẹ́ ta ọkọ̀, a mọ̀ pé ẹni tó bá rí 180,000 á sá lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọjà mọ́tò gan-an ni òwe yẹn ń bá wí.

22/ Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń rà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ti ṣírò ẹ̀ pé awakọ̀ kan níbẹ̀ ń wa ọkọ̀ tó nǹkan bíi 13,500 máílì lọ́dún. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún méjìlá lọ́wọ́ wọn á ti sún mọ́ 162,000. Ẹ wá ń wá ọkọ̀ ọdún méjìlá tó rin 60,000, ẹ ní "clean" lẹ fẹ́. Wọ́n á bá yín ṣe é! Ohun tí ẹ ní kí wọ́n bá yín wá náà ni wọ́n ń gbé kalẹ̀.

23/ Èmi ò kọ ọkọ̀ 180,000 tí wọ́n tọ́jú. Ọkọ̀ tí wọ́n ń yí ọ́ílì ẹ̀ lásìkò, tí ìwé bẹ́líìtì tuntun wà, sàn ju 60,000 tí ẹnikẹ́ni ò lè jẹ́rìí sí. Pẹ̀lú nọ́ńbà òótọ́, mo mọ ohun tó yẹ kí n pààrọ̀ lónìí, mo mọ èyí tó lè dúró dọdún tó ń bọ̀. Pẹ̀lú nọ́ńbà irọ́, oríire ni mo ń gùn lọ.

24/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọkọ̀ ní "owó á já wálẹ̀ tí mo bá sọ òótọ́." Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè já díẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká máa tanra wa. Ṣùgbọ́n owó yẹn, ti ta ni? Ohun tí ẹ fi irọ́ gbà, àpò ẹlòmíràn ló ti jáde, pẹ̀lú owó ẹ́ńjìnnì tó máa ná lẹ́yìn ọ̀la. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Nínú ọkọ̀ àǹtí mi, ìwé pélébé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni òtítọ́ gbà dé.

25/ Ó ti tó, ká wá sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Kí wọ́n tó tú mítà, ẹ ṣíná, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Tí ojú ẹ̀ bá ti kú, ẹ ní kí wọ́n ka ṣíìpù ẹ̀. Ní àwọn ọkọ̀ kan, nọ́ńbà yẹn tún wà nínú kọ̀ǹpútà mìíràn lára ọkọ̀, ẹ̀rọ ìyẹ̀wò lè kà á. Tí gbogbo ẹ̀ bá kùnà, ẹ wá rìsíìtì ọ́ílì tí ẹ yí gbẹ̀yìn, nọ́ńbà máa ń wà lórí ẹ̀.

26/ Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gba ìwé. Kí wọ́n kọ ọjọ́, nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ yín, iye tí mítà àtijọ́ kà, iye tí tuntun kà, bóyá máílì ni tàbí kìlómítà, orúkọ àti fóònù ẹni tó ṣe é. Tí nọ́ńbà méjèèjì ò bá bára mu, kí wọ́n kọ ìyẹn náà gàdàgbà. Ẹ lẹ ẹ̀dà kan mọ́ férémù ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ kó èyí tó kù sínú fáìlì ọkọ̀. Ẹ gba mítà àtijọ́ padà o, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹlẹ́rìí yín ni.

27/ Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ fi nọ́ńbà ṣásí wo ìtàn ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá kọ "Not Actual Mileage" sínú ìwé Amẹ́ríkà ẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nọ́ńbà iwájú yín kì í ṣe ti ọkọ̀ yẹn. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì, ẹ wo sítíárì tó ti ń dán, ẹ wo ìjókòó awakọ̀. Ọkọ̀ 50,000 kì í ní rọ́bà tó ti jẹ dé irin. Kẹ́ ẹ wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo yìí lójúkojú: "Ṣé mítà tó bá a wá láti iléeṣẹ́ rèé?"

28/ Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba: nígbà tí ọkọ̀ bá wá ṣe ìwé lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìrìn ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wò ó. Kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ojú, bírò àti ibi tí wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sí ti tó. Ọdún mẹ́ta péré tí a bá ṣe é, ẹni tó fẹ́ parọ́ á ní láti bá ìwé mẹ́ta jà.

29/ Ẹ̀yin rìwáyà tí ẹ ń ṣe é bó ṣe yẹ, mo rí yín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín sábẹ́ thread yìí, kí àwọn oníbàárà lè mọ ibi tí wọ́n á gbé ọkọ̀ wọn wá. Ẹni tó bá ń fún èèyàn ní ìwé lẹ́yìn iṣẹ́ yẹ kó rówó ju ẹni tó ń béèrè pé "èló lẹ fẹ́ kí n fi síbẹ̀?"

30/ Tí ẹ bá mọ ẹnìkan tó fẹ́ ra ọkọ̀ lóṣù yìí, tàbí tí mítà ọkọ̀ ẹ̀ ti ń ṣe ségesège, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ rìwáyà. Ẹ̀yin tí mítà yín ti di pípààrọ̀ rí, ẹ lọ wo ìwé yín lónìí: ṣé nọ́ńbà àtijọ́ wà níbẹ̀? Tí kò bá sí, tí ẹ ṣì rántí ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ìbéèrè yín dà? Mo wà níbí títí di aago mẹ́wàá alẹ́.